Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Wọ́n Ń Ṣe Títì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Rẹ̀ ní Ìgbèríko

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń gbé ní ìgbèríko máa ń bi mí, ní kété tí wọ́n bá ti rí i tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ri èèkàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó gba iwájú ilé wọn kọjá: kí la máa ṣe báyìí? Ariwo àti eruku ló sábà máa ń wà lọ́kàn wọn. Méjèèjì nira lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo á dákẹ́, eruku á sì rọlẹ̀. Omi ló máa ń ba ilé jẹ́ títí lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti kó ẹrù wọn lọ, ìbáà jẹ́ omi òjò tí wọ́n yí ọ̀nà rẹ̀ padà láìfura, tàbí omi mímu tí ẹrẹ̀ tàbí epo ti wọ̀. Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ omi ju ohun mìíràn lọ, tí màá sì máa padà sórí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ kò ní ohun tó máa fi hàn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn.

Kí ẹ̀rọ tó dé

Iṣẹ́ títì kì í dédé bẹ̀rẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n á ri èèkàn, wọ́n á fi ọ̀dà sàmì sára òkúta àti ògiri, wọ́n á sì lọ. Àárín ọjọ́ náà sí ọjọ́ tí katapílà àkọ́kọ́ máa dé ni àkókò tó ṣe pàtàkì jù fún yín.

1. Ẹ béèrè ohun tó ní ìdáhùn pàtó. "Ìgbà wo lẹ máa parí?" kì í mú ìdáhùn gidi wá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa gbé ojú títì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí wọ́n máa gbẹ́ ẹ wálẹ̀, iye sẹ̀ǹtímítà tó máa fi ga ju ẹnu géètì yín lọ, ibi tí omi gọ́tà tuntun máa dà sí, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa fẹ ọ̀nà sí, àwọn ọjọ́ tí wọ́n máa dí ọ̀nà pa, àti nọ́ńbà ẹni tí ẹ lè pè lóru. Bí ó bá jẹ́ ìdáhùn kan péré lẹ máa rí gbà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti bí títì náà ṣe máa ga tó.

2. Ẹ ya àwòrán gbogbo ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, kí ẹ sì yí ilé ká, nínú àti lóde: ògiri, àjà, ilẹ̀, òpó géètì, ọgbà, kànga, táǹkì omi àti gọ́tà. Níbikíbi tí ògiri bá ti sán tẹ́lẹ̀, ẹ fi rúlà lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ya á, kí ẹ sì ya àwòrán kejì láti ọ̀nà jíjìn kí ẹni tó bá ń wò ó lè mọ ibi tó wà nínú ilé. Ẹ fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sí ìbátan kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ tí ẹ yà wọ́n má baà di ohun tí ẹnikẹ́ni lè jiyàn lé lórí.

3. Ẹ sàmì sí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwòrán tó wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe lè fi páìpù àti wáyà ti gbogbo ìlú hàn. Kò ní fi páìpù tí ẹ fúnra yín rì láti kànga wọlé hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi sókàwéè yín hàn. Ẹ ri igi tí ẹ so aṣọ aláwọ̀ títàn mọ́ síbẹ̀, kí ẹ wọn bí ó ṣe jìnnà sí igun ilé, kí ẹ yà á sórí ìwé, kí ẹ sì mú fọ́máànù débẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

4. Ẹ má fọwọ́ kan èèkàn àwọn awọnlẹ̀, kódà bí wọ́n bá rì í sórí ilẹ̀ yín. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ààlà yín, kí ẹ sì fi lẹ́tà béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Èèkàn kan lè jẹ́ àmì ìwọ̀n gíga lásán, kò fi dandan jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀.

5. Ẹ kó ohun tó wúwo wọlé ṣáájú. Gáàsì, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, bíríkì, àti oògùn tí ẹnì kan nínú ilé ń lò lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tí ọ̀nà máa dí.

Ẹni tó yẹ kí ẹ bá sọ̀rọ̀

Ẹni tó ń wa katapílà kò ní àṣẹ kankan lórí ohun tó ń bí yín nínú, bí ẹ bá sì pariwo mọ́ ọn, ẹ kàn fi ohùn yín ṣòfò ni. Fọ́máànù lè yanjú ohun òní: kí wọ́n bomi rin ọ̀nà, kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu gọ́tà, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo yàrà. Ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ ló lè yí gíga títì tàbí ìwọ̀n páìpù padà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó gbà-máà-bínú wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ni ọ̀nà náà. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kejì lọ bá ẹnì kìíní, ó lè gbà pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, kò sì ní lè ṣe é.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹnu ṣèlérí fún yín, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, irú bí: "Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ láàárọ̀ yìí. Ẹ ní ẹ máa fi irin pẹlẹbẹ bo yàrà iwájú géètì wa kí ilẹ̀ tó ṣú." Kò sí ìjà nínú rẹ̀, àmọ́ ó ti di ohun tí a kọ sílẹ̀. Ẹ tún fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kí ẹ máa kọ ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún àti èsì tó fọ̀ sínú rẹ̀.

Wíwọlé àti jíjáde

Ní ìlú ńlá, bí òpópónà kan bá dí, èèyàn á gba òmíràn. Ní ìgbèríko, ọ̀nà yẹn lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ ní. Bí aboyún, arúgbó tàbí aláìsàn bá wà nínú ilé, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí fọ́máànù àti ẹnjiníà, kí ẹ sì sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè wọlé nígbàkígbà, lóru pàápàá.

- Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ bá aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ lè máa gbé e sọ́dọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá dí ọ̀nà.
- Ẹ wo nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ilé yín wà lórí máàpù fóònù, ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Máàpù tí awakọ̀ àńbúláǹsì ń lò lè má mọ ọ̀nà àyíká tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, nítorí náà ẹ ti yan ẹni tó máa gbé tọ́ọ̀ṣì lọ dúró ní oríta bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé.
- Lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí kò tíì dì mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe sáré ju 30 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ẹ sì jìnnà sí ọkọ̀ tó wà níwájú, torí òkúta tí táyà rẹ̀ bá ta ló ń fọ́ gíláàsì.
- Ẹ tètè máa yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì wò. Eruku ojú iṣẹ́ máa ń dí i kíákíá.
- Ọ̀dà dúdú tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n sílẹ̀ kò tíì ṣeé tẹ̀. Bí ó bá ta sára ọkọ̀ tàbí bàtà, ẹ fi òróró pa á títí tó fi máa rọ̀, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Omi òjò

Nígbà tí wọ́n ṣe títì ẹ̀gbẹ́ ilé tiwa, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jọ sí ẹnu gọ́tà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n á kó o lọ́la. Ọjọ́ méjì kọjá, òjò rọ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fà, ṣùgbọ́n ó ti fi ìlà ẹrẹ̀ pupa sílẹ̀ lára ògiri ìta, tó ga tó ìbú ìka mẹ́ta sókè ẹnu ọ̀nà, àwọn àpò tí a tò sí kọ̀rọ̀ sì ti rin gbingbin. Katapílà kò fọwọ́ kan ilé wa. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo ló fà á, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni kíkó rẹ̀ kúrò.

1. Bí òjò bá rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jáde síta, kí ẹ ya fídíò ibi tí omi ń gbà wọ àgbàlá àti ibi tó ń gbà jáde. Òun ni ẹ̀rí yín pé omi kì í dúró sílé yín tẹ́lẹ̀.

2. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ, ẹ rìn láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ yín kan dé ìkejì. Bí yẹ̀pẹ̀, pákó tàbí òkúta bá dí gọ́tà tàbí páìpù abẹ́ títì, ẹ ní kí wọ́n kó o lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ, ẹ gbé ṣọ́bìrì, kí ẹ la ojú omi fẹ́rẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya àwòrán rẹ̀.

3. Bí títì bá ti ga ju ẹnu géètì lọ, ẹ fi àpò iyanrìn ṣe ìdènà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣe kún àpò náà bámúbámú. Kí iyanrìn tó ìdajì tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, kí ẹ ká ẹnu rẹ̀ sábẹ́, kí ẹ tò wọ́n bí ìgbà tí bíríkìlà ń to bíríkì, kí ti òkè jókòó lé oríkèé méjì ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Àpò tó kún jù máa ń dúró gbagidi, omi á sì máa gba àárín wọn.

4. Ẹ má ṣe darí omi náà sí ilẹ̀ aládùúgbò. Ẹjọ́ agbaṣẹ́ṣe á ti di ẹjọ́ yín nígbà yẹn.

5. Ẹ wo páìpù tí wọ́n máa rì sábẹ́ àbáwọlé yín. Kò yẹ kó kéré sí èyí tó wà lábẹ́ àbáwọlé ẹni tó wà lókè yín, ní ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, torí gbogbo omi tó gba tiẹ̀ kọjá ló máa gba tiyín. Bí ẹ bá rí i pé ó kéré, ẹ pe ẹnjiníà kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀.

Omi mímu

Bí kànga bá wà nínú ọgbà yín, ẹ gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé èsì rẹ̀. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi wọn bí omi ṣe jìn tó, torí pé bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ nítòsí, tí wọ́n sì ń fa omi jáde nínú kòtò wọn, omi kànga lè fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdérí tó dé dáadáa bò ó. Ẹni tó ń gbe omi òjò láti orí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ páìpù rẹ̀ kúrò lẹ́nu táǹkì títí òjò àkọ́kọ́ á fi fọ eruku orí òrùlé náà dànù.

Omi tó dàrú àti omi tó ní epo nínú kì í ṣe ohun kan náà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Èyí tó dàrú nìkan, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é títí tó fi máa hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Ní ibi tó ga ju 2,000 mítà lọ sókè òkun, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rùn bíi dísù, tàbí tí ohun kan ń dán bí òṣùmàrè lójú rẹ̀, sísè kò lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ fún ẹ̀rí, ẹ wá omi síbòmíràn, kí ẹ sì fi tó ẹnjiníà létí lọ́jọ́ náà.

Páìpù gbogbo ìlú náà lè bẹ́ nígbàkígbà. Lítà 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ni ìlànà Sphere, tí àwọn aṣèrànwọ́ máa ń tẹ̀ lé nígbà pàjáwìrì, kà sí ìwọ̀n tó kéré jù fún mímu, sísè àti ìmọ́tótó. Ẹ fi èyí ṣírò iye tó yẹ kí ẹ pọn sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí omi bá padà dé, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ títí tó fi máa mọ́ kedere kí ẹ tó mu níbẹ̀.

Eruku àti ariwo

Omi tí wọ́n ń fọ́n sójú ọ̀nà ló ń pa eruku jù lọ, nítorí náà iye ìgbà tí ọkọ̀ omi máa wá lójúmọ́ ni kí ẹ bá fọ́máànù ṣàdéhùn lé lórí. Ẹ má ṣe da ògbólógbòó epo ẹ́ńjìnnì sójú ọ̀nà bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ilẹ̀ ló máa mu ún, kànga ló sì máa gbà á. Nínú ilé, ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu nǹkan dípò ìgbálẹ̀ tó máa tún gbé eruku dìde. Fún ẹni tó ní ikọ́ fée, ìbòmú N95 tàbí FFP2 ló wúlò, torí aṣọ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ dí eruku tó kúnná. Bí wọ́n bá ń po sìmẹ́ńtì tàbí ẹfun mọ́ ilẹ̀, eruku rẹ̀ lè jó ojú; ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ojú náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ariwo kò fi bẹ́ẹ̀ ní oògùn. Ní gbangba, bí ẹ bá jìnnà sí ẹ̀rọ ní ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á dín ní nǹkan bí dẹ̀síbẹ́lì mẹ́fà, nítorí náà yàrá ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ máa sùn sí. Ẹ béèrè pé kí wọ́n sọ fún yín ṣáájú bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lóru.

Bí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n

Rólà tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń mú kí abọ́ máa kan ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọkàn onílé a sì já. Ara èèyàn máa ń mọ ìgbọ̀nrìrì tó kéré jọjọ: bí ilẹ̀ bá ń mì ní ìyára nǹkan bí mìlímítà 0.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti tó kéèyàn mọ̀ ọ́n lára, nígbà tí ìlànà Jámánì tí wọ́n ń pè ní DIN 4150-3 fi mìlímítà márùn-ún ṣe ààlà fún ìpìlẹ̀ ilé gbígbé nígbà tí ìgbọ̀nrìrì náà bá lọ́ra. Nítorí náà, abọ́ tó ń dún kò túmọ̀ sí pé ògiri ti ń wó. Àmọ́ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

1. Ẹ sọ dígí, àwòrán àti ohun tó lè fọ́ kalẹ̀ kúrò lára ògiri.

2. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kékeré sí ìparí ibi tí ògiri sán dé, lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá ìlà náà, ẹ fa òmíràn, ẹ kọ ọjọ́ tuntun, kí ẹ sì tún ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú rúlà.

3. Bí ó bá ń gùn sí i, ẹ ní kí fọ́máànù jẹ́ kí wọ́n pa ìgbọ̀nrìrì rólà náà bí ó bá dé ọ̀gangan ilé yín. Rólà lè fi ìwúwo ara rẹ̀ nìkan tẹ ilẹ̀. Á kàn lọ, á bọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ pé èyí ṣeé béèrè.

Ewu tí kò gba àfojúdi

- Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú yàrà, kódà bí ewúrẹ́ bá já sínú rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tó kún ìwọ̀n mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kò sì ní fún èèyàn láyè láti sá bó bá ya lulẹ̀. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́.
- Ẹ má gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọjá àyàfi bí awakọ̀ bá ti rí yín, tó sì ti fọwọ́ sọ̀rọ̀ sí yín.
- Ọ̀dà gbígbóná tí wọ́n ń tẹ́ máa ń gbóná tó nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ta sí ara, ẹ gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má ṣe bó ọ̀dà náà kúrò lára, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.
- Bí wáyà iná bá já sílẹ̀, ẹ jìnnà sí i ní mítà mẹ́wàá, ó kéré tán, kí ẹ sì kà á sí pé iná wà nínú rẹ̀.
- Òkìtì iyanrìn kì í ṣe ibi ìṣeré ọmọdé, torí ó lè ya bò wọ́n. Bí wọ́n bá sì wó apá kan ọgbà, ẹ so ẹran ọ̀sìn mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó jẹ́ kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ òun "fún ọjọ́ díẹ̀" láìsí ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú: ibi tó dé, ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò, pé wọn kò ní pààrọ̀ epo ẹ̀rọ níbẹ̀, àti pé wọ́n máa tẹ́ ilẹ̀ náà padà bí wọ́n ṣe bá a. Ẹ ṣọ́ra fún èérún ògbólógbòó títì tí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ pẹ̀lú. Èròjà tó léwu lè wà nínú ọ̀dà ayé àtijọ́, kò sì yẹ nítòsí kànga tàbí oko.

Àwọn mìíràn máa ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó wá wò ó, ẹ̀rí wọn a sì bá sìmẹ́ńtì lọ. Bí kò bá ṣeé dá dúró, ẹ ya àwòrán, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ègé ohun tó bàjẹ́ náà. Ti ẹni tó fi igi dí ọ̀nà nítorí ìbínú kò gba àlàyé: ọwọ́ òfin ló máa ń kọ́kọ́ bà á, ọ̀rọ̀ tó ní a sì di ìgbàgbé.

Kí wọ́n tó kó ẹrù wọn

Ẹ ní kí fọ́máànù bá yín rìn yí iwájú ilé ká. Ẹ jọ wo:

- àbáwọlé: ṣé ọkọ̀ lè wọlé láì ha abẹ́?
- gọ́tà àti páìpù: ṣé yẹ̀pẹ̀ tàbí sìmẹ́ńtì kù sínú wọn?
- ọgbà, òpó géètì àti òkúta ààlà: ṣé wọ́n wà ní ààyè wọn?
- àwọn àwòrán àkọ́kọ́: ṣé ògiri ṣì rí bí ó ṣe rí nínú wọn?

Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí ẹ buwọ́ lù ú pé ohun gbogbo ti tọ́, tí òjò ńlá kò sì tíì rọ̀ sórí títì náà, ẹ kọ ọ́ sí i lábẹ́ pé ẹ kò tíì rí bí omi ṣe máa ṣàn. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn iṣẹ́ ọ̀nà, àkókò kan wà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ọdún kan lọ́pọ̀ ìgbà, tí agbaṣẹ́ṣe ṣì gbọ́dọ̀ padà wá tún àléébù ṣe. Ẹ béèrè ọjọ́ tí àkókò náà máa pé, kí ẹ sàmì sí i lórí kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà, bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé agboòrùn àti fóònù jáde, ẹ ya fídíò omi náà láti ẹnu páìpù títí dé ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà kí omi náà tó fà.